Bí ẹ ṣe lè yọ nánósẹ́lúlóòsì lára ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀, kí ẹ sì lò ó nínú móótà

Ìbéèrè kan náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, àwọn bíríkìlà àti àwọn tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù ń béèrè léraléra: ṣé ó ṣeé ṣe kí èèyàn yọ nánósẹ́lúlóòsì, ìyẹn fọ́nrán ohun ọ̀gbìn tó tín-ín-rín gan-an, lára ohun ọ̀gbìn wa láìsí ẹ̀rọ olówó gọbọi? Ó ṣeé ṣe, dé ìwọ̀n kan. Ìwọ̀n yẹn ni mo fẹ́ là sílẹ̀ fún yín níbí, títí kan ibi tó ti yẹ kí ẹ dúró, kí ẹ gba yàrá àyẹ̀wò lọ.

Ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ni mo yàn. Àwọn àgbà ní ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò tó ohun tí à ń pọ́n àdá sí, òótọ́ sì ni, ó rọ̀ jọjọ. Rírọ̀ yẹn ló jẹ́ kó wúlò fún wa. Lígínì, ìyẹn èròjà líle tó máa ń lẹ fọ́nrán igi pọ̀, kéré nínú rẹ̀ ju ti igi gẹdú lọ, nítorí náà kẹ́míkà tí a ó fi yọ ọ́ kò ní pọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ máa ń so. Bí a bá ti gé ìdì rẹ̀, ìtì náà á wà nínú oko títí tí yóò fi jẹrà. Ẹni tó bá mọ oko kòkó Oǹdó, Ọ̀ṣun tàbí Èkìtì mọ iye rẹ̀ tó ń ṣòfò lábẹ́ igi kòkó lọ́dọọdún.

Ibi méjì ni iṣẹ́ yìí ti sábà máa ń bàjẹ́, méjèèjì ló sì máa ń ṣẹlẹ̀ kí a tó tan ẹ̀rọ kankan: omi ìfọ̀ tí kò tó, àti fọ́nrán tí a jẹ́ kó gbẹ. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn bí ẹ ṣe ń kà á lọ.

## Kí gan-an ni ẹ ń yọ?

Sẹ́lúlóòsì jẹ́ okùn glúkóòsì gígùn tó wà nínú ara ohun ọ̀gbìn gbogbo. Hẹmisẹ́lúlóòsì, tí òun náà jẹ́ okùn ṣúgà àmọ́ tó kúrú, àti lígínì ló yí i ká. Tí a bá fi kẹ́míkà yọ àwọn méjì yìí kúrò, tí a sì fi agbára ẹ̀rọ ya èyí tó ṣẹ́kù sí wẹ́wẹ́, a ó kan fọ́nrán tín-tìn-tín tí fífẹ̀ rẹ̀ sábà máa ń wà láàárín nánómítà 5 sí 60. Nánómítà mílíọ̀nù kan ló wà nínú mìlímítà kan ṣoṣo.

Oríṣi méjì ni ẹ ó máa gbọ́ orúkọ wọn:

- Nánófọ́nrán: ó gùn, ó rọ̀, ó máa ń di jẹ́ẹ̀lì nínú omi. Ẹ̀rọ la fi ń yà á.
- Nánókírísítà: ó kúrú, ó le gan-an. Ásíìdì tó lágbára la fi ń gé e.

Nánófọ́nrán ni ìtọ́sọ́nà yìí dá lé. Mo fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa èkejì sí apá ọ̀nà mìíràn, nítorí kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀yìnkùlé rárá.

## Ohun èlò tí ẹ nílò

- Ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ tútù, tí wọ́n gé láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta
- Kọ́ọ́sítíìkì sóódà, irú èyí tí àwọn tó ń ṣe ọṣẹ ń rà
- Háídrójìn pẹrọ́ksáìdì
- Ìkòkò sítéńlẹ́ẹ̀sì tó gba lítà 4 ó kéré tán
- Òṣùwọ̀n kékeré tó lè ka gíráàmù kan
- Tẹmómítà àti bébà pH, èyí tó ń fi hàn bóyá omi jẹ́ ásíìdì tàbí ó ṣì ní sóódà nínú
- Aṣọ ìsẹ́ ògì méjì, tuntun
- Bílẹ́ńdà alágbára tí kò ní padà sí ilé ìdáná mọ́
- Omi òjò, tàbí omi mìíràn tí kò ní ìpẹtà irin nínú
- Ìbọ̀wọ́ rọ́bà gígùn, awò ìdáàbòbò ojú, bàtà tó bo gbogbo ẹsẹ̀

Ẹ má ṣe fojú kéré ọ̀rọ̀ omi. Omi kànga ẹ̀rọ ní àdúgbò púpọ̀ máa ń fi àwọ̀ pupa sílẹ̀ lára báàfù. Irin ló wà nínú rẹ̀. Irin yẹn máa ń ba pẹrọ́ksáìdì jẹ́ kó tó ṣiṣẹ́, á sì kun fọ́nrán yín ní àwọ̀ ilẹ̀.

## Ìkìlọ̀: ẹ ka èyí kí ẹ tó ṣí ọ̀rá sóódà

1. Sóódà ni kí ẹ máa dà sínú omi, díẹ̀díẹ̀, bí ẹ ṣe ń rò ó. Ẹ má ṣe da omi lé sóódà lórí láé. Ooru rẹ̀ lè mú kó tú sí ojú yín.
2. Ìkòkò alumíníọ̀mù kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn. Sóódà máa ń jẹ alumíníọ̀mù, gáàsì háídrójìn á sì máa jáde, gáàsì tó lè gbiná. Ọ̀pọ̀ ìkòkò ọjà wa ni alumíníọ̀mù, nítorí náà ẹ yẹ tiyín wò dáadáa.
3. Bí sóódà bá kan ara, omi ẹ̀rọ tó ń ṣàn ni ìtọ́jú rẹ̀. Ẹ bọ́ aṣọ tó kàn, kí ẹ sì jẹ́ kí omi ṣàn lórí ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán. Ẹ má ṣe fi epo pupa tàbí fínígà pa á. Bó bá jẹ́ ojú ni, ẹ máa ṣàn án bí ẹ ṣe ń múra ilé ìwòsàn.
4. Ẹ má ṣe dé ohun tó ní pẹrọ́ksáìdì nínú pa. Ọ́síjìn tó ń jáde nínú rẹ̀ lè fọ́ ìgò tàbí kéègì.
5. Ẹ má ṣe da bílíìsì ilé pọ̀ mọ́ fínígà, ásíìdì, amóníà tàbí pẹrọ́ksáìdì. Gáàsì kilorínì tó ń jáde láti ara bílíìsì àti ásíìdì ti pa èèyàn rí.
6. Ìta gbangba tàbí ibi tí atẹ́gùn ń gbà kọjá ni kí ẹ ti ṣe é, kí ọmọdé má sì sí nítòsí.

## Ìpele kìíní: yíyọ fọ́nrán lára ìtì

1. Ẹ bó èèpo ìta tó ti gbẹ kúrò. Ẹ ya àwọn èèpo tó kù lọ́kọ̀ọ̀kan títí ẹ ó fi kan àárín tó funfun. Àárín yẹn kò ní fọ́nrán tó láárí. Ẹ gbé e fún ewúrẹ́.
2. Ẹ gé èèpo kọ̀ọ̀kan ní gígùn bí ẹsẹ̀ bàtà méjì.
3. Ẹ tẹ́ ẹ sórí pátákó, kí ẹ sì fi ọ̀bẹ tí kò mú há ara rẹ̀ títí omi àti ẹran rẹ̀ yóò fi kúrò, tí okùn funfun nìkan yóò kù.
4. Ẹ fi omi ṣàn án, kí ẹ sì gé e wẹ́wẹ́, sẹ̀ǹtímítà kan sí méjì.
5. Ẹ sá a sí oòrùn títí yóò fi gbẹ. Ìpele yìí nìkan ṣoṣo ni gbígbẹ ti lè wáyé láìba iṣẹ́ jẹ́ púpọ̀, torí lígínì àti hẹmisẹ́lúlóòsì ṣì wà láàárín fọ́nrán.

Oje ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í kúrò lára aṣọ, nítorí náà aṣọ iṣẹ́ ni kí ẹ wọ̀.

Omi ló pọ̀ jù nínú ìtì, nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá rẹ̀. Lára ìtì tó wọn kìló 20, ẹ má ṣe retí ju gíráàmù 200 sí 300 fọ́nrán gbígbẹ lọ. Ó dà bí ẹni pé ó kéré, àmọ́ nígbà tí a bá dé orí sìmẹ́ńtì ẹ ó rí i pé ó tó nǹkan.

Bí ẹ kò bá lè há a, ẹ rẹ èèpo náà sínú omi fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kó lè jẹrà kúrò lára okùn. Ó ń rùn púpọ̀, fọ́nrán rẹ̀ sì máa ń dúdú díẹ̀. Híhá ni mo fara mọ́.

## Ìpele kejì: sísè nínú sóódà

Ìṣirò tó wà níbí jẹ́ ti gíráàmù 100 fọ́nrán gbígbẹ. Bí tiyín bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ sọ gbogbo rẹ̀ di púpọ̀ ní ìwọ̀n kan náà.

1. Ẹ wọn lítà 2 omi tútù sínú ìkòkò sítéńlẹ́ẹ̀sì.
2. Ẹ wọn gíráàmù 80 kọ́ọ́sítíìkì sóódà, kí ẹ sì dà á sínú omi náà díẹ̀díẹ̀. Omi náà á gbóná fúnra rẹ̀.
3. Ẹ da fọ́nrán sínú rẹ̀, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ rì.
4. Ẹ gbé e sórí iná gáàsì kékeré tàbí hòtípuléètì. Ẹ jẹ́ kó wà ní 80°C fún wákàtí méjì. Ẹ máa rò ó ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, kí ẹ sì máa fi omi díẹ̀ dípò èyí tó ń gbẹ.
5. Ẹ jẹ́ kó tutù. Omi rẹ̀ á ti dúdú. Lígínì àti hẹmisẹ́lúlóòsì ló wà nínú rẹ̀.
6. Ẹ sẹ́ ẹ, ẹ fọ̀ ọ́ (ìpele tó kàn), kí ẹ sì tún un sè lẹ́ẹ̀kan sí i nínú omi sóódà tuntun.

Iná igi kò dára fún iṣẹ́ yìí, nítorí ẹ kò ní lè dá ooru rẹ̀ dúró sójú kan. Bó bá hó kùṣọ̀kùṣọ̀ fún ìgbà pípẹ́, sóódà á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ sẹ́lúlóòsì fúnra rẹ̀, ohun tí ẹ ó rí gbà á sì dín kù.

Ẹni tí kò rí kọ́ọ́sítíìkì lè lo omi eérú, irú èyí tí àwọn ìyá tó ń ṣe ọṣẹ dúdú ń sẹ́ láti ara eérú èèpo kòkó. Kò lágbára tó sóódà, nítorí náà ẹ ó sè é pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ó sì tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Agbára rẹ̀ kì í dọ́gba láti ìgbà dé ìgbà, ìdí nìyẹn tí n kò fi dámọ̀ràn rẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀ fún iṣẹ́ ìwádìí.

## Ìpele kẹta: fífọ̀, níbi tí iṣẹ́ wà

Ẹni tó bá ń kánjú máa ń fọ fọ́nrán lẹ́ẹ̀mejì, á sì gbà pé ó ti tán. Nígbà tó bá wá lò ó nínú móótà, sìmẹ́ńtì rẹ̀ á kọ̀ láti gbà. Ìdí rẹ̀ ni pé ṣúgà tó wá láti ara hẹmisẹ́lúlóòsì ṣì wà nínú omi tó rọ̀ mọ́ fọ́nrán, ṣúgà díẹ̀ sì tó láti dá sìmẹ́ńtì dúró kó má tètè le. Àwọn bíríkìlà tó ti dàgbà lẹ́nu iṣẹ́ mọ̀ pé ṣúgà kò gbọdọ̀ kan kọnkéré tuntun. Ohun kan náà ni.

1. Ẹ da fọ́nrán sínú aṣọ ìsẹ́, kí ẹ fún un kí omi dúdú náà jáde. Ìbọ̀wọ́ gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ yín.
2. Ẹ tú u sínú lítà 3 sí 4 omi mímọ́. Ẹ rò ó dáadáa. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ohun tó wà nínú fọ́nrán lè ráyè jáde.
3. Ẹ sẹ́ ẹ, ẹ fún un.
4. Ẹ tún un ṣe, ẹ tún un ṣe. Ẹ fi bébà pH wo omi tó jáde nígbà kọ̀ọ̀kan.
5. Ẹ dúró nígbà tí pH bá wà láàárín 7 sí 7.5, *tí* omi náà bá sì mọ́ gaara. Àmì méjèèjì gbọ́dọ̀ pé.

Omi gbígbóná díẹ̀ máa ń mú un yára. Ẹ má ṣe da fínígà sí i kí pH lè tètè sọ̀ kalẹ̀: pH á sọ̀ kalẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ṣúgà àti lígínì kò tíì lọ síbì kankan.

Omi dúdú tí ẹ sẹ́ jáde: ẹ má ṣe dà á sí odò tàbí gọ́tà. Ẹ kó o jọ sínú kéègì ike, kí ẹ fi fínígà tàbí ásíìdì tí a ti là mú pH rẹ̀ wá sí 6 sí 9 díẹ̀díẹ̀, ní ìta gbangba. Ẹ dà á sínú ihò tó jìnnà sí kànga. Bí ẹ bá ń ṣe é ní ilé ẹ̀kọ́, ibi tí wọ́n ń kó omi kẹ́míkà sí ni kí ẹ gbé e lọ.

## Ìpele kẹrin: sísọ ọ́ di funfun

Pẹrọ́ksáìdì ni mo yàn, torí omi àti ọ́síjìn ni yóò dà nígbẹ̀yìn, kò sì ní fi kilorínì sílẹ̀.

1. Ẹ da fọ́nrán tí ẹ ti fọ̀ sínú ìkòkò sítéńlẹ́ẹ̀sì tàbí ike tó gba ooru.
2. Ẹ fi mìlílítà 120 pẹrọ́ksáìdì 30% sí i, kí ẹ bu omi kún un títí gbogbo omi yóò fi jẹ́ lítà 2. Bó bá jẹ́ 6% tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn ni ẹ rí, mìlílítà 670 ni. Pẹrọ́ksáìdì 30% máa ń jó ara. Ìbọ̀wọ́ àti awò kò gbọdọ̀ kúrò.
3. Ẹ fi omi sóódà díẹ̀ sí i, ẹ̀kán lẹ́yìn ẹ̀kán, títí pH yóò fi dé 11.
4. Bí ẹ bá ní iyọ̀ Epsom, ẹ fi ìka bu díẹ̀ sí i. Ó máa ń jẹ́ kí pẹrọ́ksáìdì pẹ́ kó tó tú ká.
5. Ẹ gbé e sí 60 sí 70°C fún wákàtí kan sí méjì, láìdé e pa.
6. Ẹ fọ̀ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ti ìpele kẹta.

Bí ó bá ṣì pọ́n, ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò pọn dandan kó funfun bí òwú. Àwọ̀ eyín erin tó mọ́ tó fún móótà. Ìwé ìwádìí nìkan ló ń béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí bílíìsì ilé nìkan ni ẹ ní: ẹ lò ó láìgbé e kaná, nínú omi tí pH rẹ̀ jẹ́ 10 sí 11, fún ìṣẹ́jú 30 sí 60. Ẹ fọ̀ ọ́ ní ìlọ́po méjì bí ẹ ṣe ń fọ̀ ọ́ tẹ́lẹ̀. Kílóráìdì tó bá kù nínú rẹ̀ máa ń mú kí ọ̀pá irin inú kọnkéré dípata, torí náà ẹ má ṣe lo fọ́nrán oníbílíìsì níbi tí irin bá wà.

Nínú gíráàmù 100 tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, gíráàmù 50 sí 60 ni ẹ ó ní báyìí, bí a bá ṣírò rẹ̀ ní gbígbẹ.

## Ìpele karùn-ún: ẹ má jẹ́ kó gbẹ

Bí fọ́nrán mímọ́ bá gbẹ, àwọn okùn kéékèèké inú rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ara wọn pinpin. Bí ẹ tilẹ̀ tún un rẹ sómi fún ọ̀sẹ̀ kan, wọn kò ní já sílẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, bílẹ́ńdà yín á sì máa lọ lásán. Ẹ fi í sínú ọ̀rá ìdì tó ní omi díẹ̀, kí ẹ gbé e sínú fíríìjì. Ẹ má ṣe jẹ́ kó di yìnyín, nítorí dídì náà máa ń fún omi jáde nínú fọ́nrán.

Àmọ́ báwo lẹ ó ṣe mọ iye tí ẹ ní, bí kò bá gbẹ? Ẹ mú díẹ̀ nínú rẹ̀ fún ìwọ̀n:

1. Ẹ wọn gíráàmù 10 fọ́nrán tútù tí ẹ ti fún dáadáa.
2. Ẹ gbé ìyẹn nìkan sínú ààrò ní 105°C títí ìwọ̀n rẹ̀ kò fi ní dín kù mọ́.
3. Bó bá ku gíráàmù 2, ìdá 20 nínú 100 ni fọ́nrán. Omi ni ìyókù.

Ẹ kọ ìdá náà sára ọ̀rá. Gbogbo ìṣirò tó kù dúró lé e lórí.

## Ìpele kẹfà: yíyà á sí wẹ́wẹ́

Ní 2011, Kentaro Uetani àti Hiroyuki Yano ní Fásitì Kyoto, Japan, fi hàn pé bílẹ́ńdà alágbára lè ya fọ́nrán igi tí kò tíì gbẹ rí sí nánófọ́nrán. Ìdá 0.7 nínú 100 ni fọ́nrán wọn nínú omi, ẹ̀rọ wọn ń yí nígbà 37,000 ní ìṣẹ́jú kan, ìṣẹ́jú 30 ló sì gbà. Bílẹ́ńdà ata ilé wa kò yára tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹ ó rí níbẹ̀ á jẹ́ àdàlù: nánófọ́nrán díẹ̀, fọ́nrán tó nípọn ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Fún móótà, àdàlù yìí ṣì wúlò, bí ẹ kò bá ṣáà ti pè é ní ohun tí kò jẹ́ nínú ìwé yín.

1. Fún lítà kan, ẹ wọn gíráàmù 7 fọ́nrán ní ìṣirò gbígbẹ. Bí tiyín bá jẹ́ ìdá 20, gíráàmù 35 tútù nìyẹn, pẹ̀lú mìlílítà 965 omi.
2. Ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú.
3. Ẹ lọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, ẹ sinmi fún márùn-ún. Ẹ tún un ṣe títí lílọ̀ nìkan yóò fi pé ìṣẹ́jú 30 ó kéré tán.
4. Ẹ fọwọ́ kan ara ìgò nígbà gbogbo. Bó bá gbóná jù láti dì mú, ẹ gbé ìgò sínú omi yìnyín kí ẹ tó tẹ̀síwájú.
5. Ẹ dúró nígbà tó bá ti ki bí ògì tí omi gbígbóná ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn, tí kò sì sí kókó nínú rẹ̀.

Ẹ̀rọ ìlọta àdúgbò ńkọ́? Rárá. Epo àti ata ti wọ ojú irin rẹ̀, irin náà á sì há sínú fọ́nrán. Ohun tó burú ju ìyẹn lọ ni pé ẹlòmíràn á lọ ata ọbẹ̀ rẹ̀ níbẹ̀ lẹ́yìn yín.

Bí ẹ bá lè dé ibi tí wọ́n ti ní họ́mójẹnáísà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi agbára ti nǹkan olómi gba ihò tóóró, ẹbí kan náà ni pẹ̀lú èyí tí àwọn ilé iṣẹ́ wàrà ń lò, ẹ fi bílẹ́ńdà ṣe ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ fi tọ̀hún parí rẹ̀. Agbára báà 500 sókè ni ẹ nílò, ẹ ó sì tì í gba inú rẹ̀ kọjá nígbà púpọ̀. Bí fọ́nrán bá ṣì gùn, yóò dí ihò ẹ̀rọ náà. Ẹ sẹ́ ẹ kọ́kọ́. FIIRO, ilé ìwádìí nípa iṣẹ́ ẹ̀rọ, ní Òṣòdì, NBRRI, ilé ìwádìí nípa ilé kíkọ́ àti ọ̀nà, ní Ọ̀tà, ilé ìwádìí igbó FRIN ní Ìbàdàn àti ẹ̀ka ìmọ̀ ohun èlò ní FUTA, fásitì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́, jẹ́ ibi tó yẹ kí ẹ kọ̀wé béèrè sí.

## Ìpele keje: ṣé nánó ni lóòótọ́?

Ohun tí ẹ lè ṣe nílé:

- Ìdúró nínú omi: ẹ la díẹ̀ sínú omi títí yóò fi jẹ́ ìdá 0.1 nínú 100, kí ẹ fi í sínú ìgò tó mọ́ fún wákàtí 24. Fọ́nrán tó nípọn á sọ̀ kalẹ̀. Èyí tó tín-ínrín á dúró nínú omi bíi kùrukùru. Bí gbogbo rẹ̀ bá sọ̀ kalẹ̀, ẹ padà sẹ́nu lílọ̀.
- Awẹ́ tó gbẹ: ẹ da díẹ̀ sórí àwo ike pẹrẹsẹ, kó gbẹ ní ibòòji. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ṣe ń gba inú awẹ́ náà kọjá tó, bẹ́ẹ̀ ni ìyàsọ́tọ̀ rẹ̀ dára tó. Bó bá dúdú bíi páálí, ó ṣì kù.

Àwọn àmì wọ̀nyí ń tọ́ni sọ́nà, wọn kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹ̀rọ awòfínní elẹ́kítírọ́ọ̀nù nìkan ló lè fi nánómítà hàn yín. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá tún nílò FTIR, àyẹ̀wò tó ń fi ìmọ́lẹ̀ infurarẹ́ẹ̀dì dá èròjà mọ̀: òkè tó wà lórí àwòrán rẹ̀ ní nǹkan bí 1735 àti 1510 cm⁻¹ gbọ́dọ̀ ti lọ tàbí kó ti kéré gan-an. Àkọ́kọ́ ń tọ́ka sí hẹmisẹ́lúlóòsì, èkejì sí lígínì.

## Ìpele kẹjọ: sínú móótà

Ìwọ̀n kékeré ni agbára rẹ̀. Ìdá 0.05 sí 0.2 nínú 100 ìwúwo sìmẹ́ńtì ni kí ẹ gbìyànjú. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, fọ́nrán á máa dì pọ̀, móótà á le lọ́wọ́ bíríkìlà, ibi tó dì pọ̀ yẹn gan-an ni yóò sì ti kọ́kọ́ sán.

Ẹ wo ìṣirò yìí: àpò sìmẹ́ńtì wa jẹ́ kìló 50. Ìdá 0.1 nínú 100 rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 50. Gíráàmù 100 fọ́nrán tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ ló fi ìyẹn fún yín. Ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo, nígbà náà, lè tó fún àpò sìmẹ́ńtì méjì sí mẹ́ta.

Omi inú jẹ́ẹ̀lì jẹ́ omi. Ẹ gbọ́dọ̀ yọ ọ́ kúrò nínú omi ìpò. Gíráàmù 50 wà nínú nǹkan bíi lítà 7 jẹ́ẹ̀lì. Bí omi yín fún àpò kan bá jẹ́ lítà 25, lítà 18 péré ni ẹ ó fi kún un. Ẹni tó bá gbàgbé èyí á ní móótà tó ṣàn jù tí kò sì lágbára, á wá máa di ẹ̀bi ru fọ́nrán.

Fún ìdánwò kékeré, ní ìdá 0.1:

1. Ẹ wọn kìló 1 sìmẹ́ńtì, kìló 3 yanrìn mímọ́ tó gbẹ, gíráàmù 143 jẹ́ẹ̀lì, gíráàmù 358 omi.
2. Ẹ po jẹ́ẹ̀lì mọ́ omi kọ́kọ́, títí kò fi ní sí kókó nínú rẹ̀. Ẹ má ṣe da jẹ́ẹ̀lì lé sìmẹ́ńtì gbígbẹ lórí.
3. Ẹ da sìmẹ́ńtì sínú omi náà, ẹ pò ó fún ìṣẹ́jú méjì, kí yanrìn tó tẹ̀ lé e.
4. Bó bá le jù, ẹ fi èròjà tó ń mú kọnkéré ṣàn díẹ̀ sí i. Ẹ má ṣe fi omi kún un.
5. Ẹ rọ ọ́ sínú àpótí mìlímítà 50, mẹ́fà ó kéré tán, kí ẹ gbọ̀n ọ́n kí atẹ́gùn jáde.
6. Ẹ tú wọn lọ́jọ́ kejì, kí ẹ rì wọ́n sínú omi. Bí wọn kò bá tíì le lọ́jọ́ kejì, ṣúgà ṣì wà nínú fọ́nrán yín.
7. Ẹ fọ́ mẹ́ta ní ọjọ́ keje, mẹ́ta ní ọjọ́ 28, lórí ẹ̀rọ tó ń wọn agbára.

Ẹ ṣe irú kan náà láìfi jẹ́ẹ̀lì sí i, pẹ̀lú gíráàmù 500 omi. Láìsí ìyẹn, ẹ kò ní mọ ohun tí fọ́nrán yín ṣe.

## Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ àti ohun tó ń fà á

- Fọ́nrán pọ́n lẹ́yìn pẹrọ́ksáìdì: irin wà nínú omi, tàbí ẹ kò fọ sóódà dáadáa.
- Bílẹ́ńdà kò sọ ọ́ di jẹ́ẹ̀lì: ó ti gbẹ rí lẹ́yìn tó funfun.
- Jẹ́ẹ̀lì ń rùn: kòkòrò àìfojúrí ti wọ̀ ọ́. Ẹ dà á nù. Ẹ má ṣe fi sínú móótà.
- Irin bílẹ́ńdà ń yí, jẹ́ẹ̀lì kò mì: ó ki jù. Ẹ fi omi là á díẹ̀.
- Móótà pẹ́ kó tó gbà: ìfọ̀ kò tó.

## Ọ̀nà mìíràn, bí èyí kò bá bá yín mu

TEMPO. Ẹgbẹ́ Akira Isogai ní Fásitì Tókíò ló sọ ọ̀nà yìí di ohun tí gbogbo ayé mọ̀. Kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ TEMPO máa ń mú kí fọ́nrán máa ti ara wọn, bílẹ́ńdà lásán á sì lè yà wọ́n. Èsì rẹ̀ dára púpọ̀, ṣùgbọ́n kẹ́míkà náà wọ́n, yàrá àyẹ̀wò ló sì yẹ ẹ́.

Nánókírísítà. Ásíìdì sọ́fúríìkì 64% ní 45°C, fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 45, lẹ́yìn náà omi tútù ìlọ́po mẹ́wàá láti dá a dúró. Ẹ má ṣe gbìyànjú èyí nílé. Òun ni wọ́n lò nínú kọnkéré afárá Moffett Creek nítòsí Yreka, Kalifọ́níà, iṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ láti Fásitì Purdue àti Fásitì ìpínlẹ̀ Oregon lọ́wọ́ sí.

Fọ́nrán kúkúrú lásán. Bí ohun tí ẹ fẹ́ bá jẹ́ kí amọ̀ tí ẹ fi rẹ́ ilé má sán, ẹ kò nílò nánó kankan. Ẹ dúró ní ìpele kẹta, kí ẹ gé fọ́nrán tí ẹ ti fọ̀ sí sẹ̀ǹtímítà kan, kí ẹ pò ó mọ́ amọ̀. Owó rẹ̀ kéré, ewu rẹ̀ kéré, ó sì ń ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń béèrè nípa nánósẹ́lúlóòsì, èyí gan-an ni wọ́n ń wá.

## Ibi tí ẹ kò gbọ́dọ̀ lò ó sí

Dẹ́kìn, òpó, bíìmù àti ìpìlẹ̀ ilé: ẹ má ṣe fi fọ́nrán tí ẹ ṣe fúnra yín sínú wọn. Gíráàmù 100 kan lè yàtọ̀ sí òmíràn, ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ ìgbà ọ̀dá kò sì dọ́gba pẹ̀lú ti ìgbà òjò. Táìlì ilẹ̀, búlọ́ọ̀kù ọgbà tí kò ru nǹkan, móótà tí a fi ń rẹ́ ògiri: àwọn ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ gé ìtì, iye omi ìfọ̀, ìdá fọ́nrán àti iye ìṣẹ́jú lílọ̀ sílẹ̀ fún ìpò kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà ìpò náà sára àwọn àpótí ìdánwò yín. Èsì ọjọ́ 28 ni kí ẹ dúró dè kí ẹ tó ta búlọ́ọ̀kù kan fún ẹnikẹ́ni.